Ẹja Tí Mọ́nsúrù Bọ́ fún Morónkẹ́

Mọ́nsúrù fi aṣọ di imú, ó sì da agbọ̀n ìgbẹ́ adìẹ sínú adágún Òṣíẹ̀lẹ̀. Ìdin ń rá nínú rẹ̀. Èébì gun ọ̀fun rẹ̀, ó gbé e mì. Nítorí Morónkẹ́, ọmọbìnrin tó wù ú, ni.

Àwọn àgbà wà ní ìrun Jímọ̀. Bándélé ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló tẹ̀ lé e.

"Olólùfẹ́," ni Bándélé wí, "ìgbẹ́ lo fi ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ báyìí? Omi tí à ń mu ni o."

"Ajílẹ̀ ni. Bó ṣe ń mú àgbàdo sanra ló ń mú ewé wẹ́wẹ́ inú omi hù. Ewé yẹn lẹja mi ń jẹ."

"Tíṣà ní tó bá pọ̀ jù—"

"Panu mọ́."

Lọ́jọ́ ìpẹja ọdọọdún, ẹni tó bá pẹja tó tóbi jù lọ máa ń gbé e lọ sí ilé ọmọbìnrin tó wù ú. Ìdí nìyẹn tí Mọ́nsúrù fi kó ọmọ ẹja àjèjì wá láti oko ẹja kan, tó dà wọ́n sínú adágún.

Wọ́n sanra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ewé náà bo omi, ó ń yọ̀ bí ikun imú. Nígbà tó jẹrà, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí tán nínú omi. Àwọn epìyà, ẹja ìbílẹ̀ adágún náà, kú, wọ́n ń léfòó, ikùn wọn wú, eṣinṣin bo ojú wọn. Ẹja àjèjì, tó lè fara da omi burúkú, ló kù, ó ń jẹ ẹyin ẹja yòókù.

Lọ́jọ́ ìpẹja, Mọ́nsúrù gbé èyí tó tó itan ọmọdé dé ilé Morónkẹ́. Morónkẹ́ fi ọ̀bẹ la ikùn rẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú tú jáde, ó ń rùn bíi ṣálángá.

"Kí lèyí ń jẹ?"

Mọ́nsúrù rẹ́rìn-ín ìfẹ́. "Èmi ni mo bọ́ ọ. Gbogbo Jímọ̀ ni mò ń da ìgbẹ́ adìẹ sómi nítorí tìẹ."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Morónkẹ́. Nínú yàrá, Olúmidé àbúrò rẹ̀ ń bì. Inú ti ń run ún látàná.

"Omi yẹn ló mu," ni Morónkẹ́ wí jẹ́ẹ́. "Gbé ẹja ẹ. Kí ìwọ náà tẹ̀ lé e."

Ẹnu ọ̀nà ni Mọ́nsúrù ti bì. Olúmidé gbádùn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí epìyà tó padà sínú adágún. Morónkẹ́ kò tún wo ojú Mọ́nsúrù mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìfẹ́ tí a bá fi ẹ̀gbin bọ́, òórùn ni yóò bí.