Ìgbòkun Rẹ̀mílẹ́kún

Ẹran ara ni ìgbòkun ọkọ̀ Ìyùnadé. Kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe ọ̀rá. Ó ń mí, ó ń làágùn bí oòrùn bá mú, bí atẹ́gùn bá sì yí padà, fúnra rẹ̀ ni yóò kọjú sí i. Láyé ìgbà tí epo ti tán pátá yìí, òun ló dá ọkọ̀ padà sójú omi. Gbogbo apẹja ọ̀sà ló wá bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ka, Ìyùnadé sì ń gé e fún wọn bí ẹni ń gé igi ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá ti so ó mọ́ òpó ọkọ̀ rẹ̀, ó hù nìyẹn.

Ibi ọmọ ló fi gbin àkọ́kọ́. Nígbà tó bí Rẹ̀mílẹ́kún, bàbá ọkọ rẹ̀, Bàbá Ṣówándé, ní kí wọ́n gbé ibi náà wá sí Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́, ìlú kékeré wọn lókè odò, kí wọ́n sin ín sí àgbàlá bíi ti gbogbo ọmọ ilé. Ìyùnadé dáhùn pé àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ nù. Irọ́ gbuu ni. Inú ìgò ló wà nílé ìwádìí tí Ìyùnadé ti ń ṣiṣẹ́.

Ní báyìí, àìsàn tí dókítà ò mọ̀dí rẹ̀ ń ṣe Rẹ̀mílẹ́kún, Bàbá sì ní kí wọ́n gbé e relé. Ọjọ́ ìsinmi àwọn apẹja ni wọ́n gbéra, kí ọ̀sà lè ṣófo fún wọn. Ọmọ dùbúlẹ̀ lórí ẹní, Ọláìítán bàbá rẹ̀ di ìtọ́kọ̀ mú, Bàbá Ṣówándé tó wá mú wọn sì jókòó níwájú ọkọ̀.

Odò ń ṣàn kíkankíkan. Ìgbòkun na ara rẹ̀, iṣan rẹ̀ yọ. Ìyùnadé gbọ́wọ́ lé orí ọmọ: ó gbóná janjan. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí igi ti bo odò, atẹ́gùn kú, ìgbòkun rọ̀, ara ọmọ sì tutù wẹ́rẹ́. Wọ́n jáde síta gbangba, ooru dé padà. Ìyùnadé wo ìgbòkun, ó wo ọmọ. Ó ti yé e.

Láyé yìí, gbogbo ọmọ ni wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ ẹ̀ṣọ́-ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ: ẹ̀rọ tín-ín-tìn-ìn-tín tó máa ń ránṣẹ́ síra wọn, bó ti wù kí ó jìnnà tó, láti gba ara tó bá rẹ̀ sílẹ̀. Ìyùnadé fúnra rẹ̀ ló fi irú wọn sínú ìgbòkun kó má baà jẹrà. Lójú àwọn ẹ̀ṣọ́, ara kan ni ọmọ àti ìgbòkun. Bí ìgbòkun bá ti ń ṣiṣẹ́, agbára ọmọ ni wọ́n ń sun.

"Bàbá Rẹ̀mí, ẹ bá mi sọ ìgbòkun kalẹ̀."

"Odò á gbé wa padà," ni Ọláìítán wí.

"Ẹ jẹ́ ká fi àjẹ̀ wà á."

Bàbá Ṣówándé tẹjú mọ́ ọn. "Ìyàwó, kí ni nǹkan yẹn gan-an?"

Ìyùnadé kúnlẹ̀. "Ibi Rẹ̀mí ni, Bàbá. Mo purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó ń bọ́ ìlú."

"Ta ló ń bọ́ òun alára?"

Bàbá fa àjẹ̀ kan yọ, ó nà án sí i. "Ilẹ̀ là á fún, kí ọmọ lè rí ibi fẹ̀yìn tì. Dìde, ẹkún kọ́ ló kàn."

Wọ́n wà á títí àtẹ́lẹwọ́ wọn fi bó. Kí wọ́n tó gúnlẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún ti jókòó, ó ń bèèrè ẹ̀kọ. Wọ́n gé ìgbòkun kúrò lórí òpó, wọ́n sin ín sí àgbàlá lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́. Bàbá fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà le. Lọ́jọ́ yẹn, Ìyùnadé sùn bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Láàárọ̀, ó bá ọmọ níta tó ń lé adìyẹ, ó rẹ́rìn-ín. Ewé ọ̀pọ̀tọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Rẹ̀mílẹ́kún dúró, ó gbá ògiri mú.

"Màámi, ó ń rẹ̀ mí."

Ìyùnadé sáré wo ojú oórì ìgbòkun. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó kọjú sí ìsàlẹ̀ odò níbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Ìsinmi àwọn apẹja ti parí. Ní àkókò yìí, gbogbo wọn ti ta ìgbòkun tó gé fún wọn sójú ọ̀sà.