Omi Tí Alfa Fi Fọ Wàláà

Ní àárọ̀, kí àwọn ọmọ kéú tó dé, ìdí àmù ni a ti máa ń bá Nàfísátù. Yóò na aṣọ funfun bo ẹnu àmù, yóò fi okùn dì í mọ́ ọrùn rẹ̀, yóò sì máa da omi lé e díẹ̀díẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ a jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú orín lẹ́nu, a máa wò ó.

"Ìyàwó wa tún ti ń sẹ́ omi bí ẹni ń sẹ́ ògì."

"Ìyá, wolé-wolé ló ní ká máa sẹ́ ẹ nítorí sòbìà."

"Ó dáa. Tó bá ti rọlẹ̀ bí ògì, kí ẹ bu tèmi wá."

Ilé Alfa Àbdùlwàhídù nìyí, ọmọ Ìlọrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú lẹ́yìn ojú irin ní Minna. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, kànga àdúgbò a gbẹ, adágún tó wà lọ́nà Maikunkele ni gbogbo ilé á sì máa pọn. Lọ́dún kejì tí a gba òmìnira, sòbìà jáde lẹ́sẹ̀ Alfa fúnra rẹ̀. Ó jókòó sílé títí iṣu ẹlòmíì fi hù lóko. Ìgbà yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, wolé-wolé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí àwọn Haúsá ń pè ní dúbágàrí, wá kọ́ Nàfísátù bí a ṣe ń sẹ́ omi.

Kò rọrùn rárá. Eku jẹ aṣọ àkọ́kọ́. Ìyá àgbà fi èkejì di obì. Òmíràn gbó sójú oòrùn, ó ya. Lọ́jọ́ kan, Kàbírátù, ọmọbìnrin Nàfísátù, bá ìyá rẹ̀ na aṣọ náà, ó sì dojú rẹ̀ dé. Gbogbo ohun tí aṣọ ti gbà dúró lánàá ni omi tún fọ̀ sínú àmù. Nàfísátù da omi náà nù, ó wá fi òwú pupa rán etí aṣọ náà lójú kan, kí ojú tó ní òwú lè máa kọjú sókè nígbà gbogbo.

Síbẹ̀síbẹ̀, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ omi, ọrùn ẹsẹ̀ Kàbírátù wú. Ó ń ta á bí ata. Ó lé ròrò, ó bẹ́, orí sòbìà sì yọ síta bí òwú funfun.

Alfa wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó wo àmù.

"Ó lé lọ́dún kan, Nàfísátù. Ó lé lọ́dún kan tí a ti ń dúró de omi kí a tó mu ún."

"Mo sẹ́ ẹ, Alfa."

"Báwo lo ṣe sẹ́ ẹ tí eléyìí fi jáde?"

"Mo ní mo sẹ́ ẹ."

Ìyá àgbà yọ orín lẹ́nu. "Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ ẹ dáadáa, ó sì lè jẹ́ pé sísẹ́ ò wúlò. Ọ̀kan ni nínú méjèèjì."

"Tí kò bá wúlò, ká jáwọ́," ni Alfa wí. "Láti ọ̀la lọ, bí a bá ṣe pọn ọ́n la ó máa mu ún."

Yàkúbù, ọmọ Nàfísátù kékeré, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ife mu omi ni. Bí ilé bá pa sísẹ́ tì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni sòbìà lè gbà yọ lọ́dún tó ń bọ̀. Nàfísátù kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ kó tó ránṣẹ́ pe Ajíbóyè.

Ajíbóyè gun kẹ̀kẹ́ dé, ó fa ojú ro. Ẹsẹ̀ ọmọ ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

"Zafi, Baba," ni Kàbírátù wí fún un. Èdè Haúsá ló yá a lẹ́nu jù.

"Sannu, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ó gbóná." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ẹ má fà á o. Tó bá já sínú, ẹsẹ̀ á wú ju báyìí lọ. Ẹ gbé e lọ sí disipẹ́ńsárì, wọn á máa wé sòbìà náà mọ́ igi díẹ̀díẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ wọ adágún. Bí ẹsẹ̀ yìí bá kan omi, sòbìà á bímọ síbẹ̀, gbogbo wa la ó jọ mu àwọn ọmọ rẹ̀."

Ó wá kọjú sí àmù. Ó na aṣọ sí oòrùn, kò rí ihò kankan. Ó wo òwú pupa, ibi tó yẹ kó wà ló wà. Okùn rẹ̀ le dáadáa.

"Bí ẹ bá lọ sóko ńkọ́?"

"A máa ń gbé omi wa dání."

"Ṣé ọmọ kì í mu omi nílé ẹlòmíì?"

"Ilé Láyíwọlá tó múlé tì wá nìkan ló máa ń lọ. Àwọn náà ń sẹ́ ẹ."

Ajíbóyè jókòó lé etí odó. "Ìyá Kàbírátù, ọ̀rọ̀ yìí rú mi lójú. N kò rí àṣìṣe kankan bá yín wí."

"Ẹ bá mi sọ ọ́ fún Alfa."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni Alfa jáde láti inú yàrá. Ó ti fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sára pátákó wàláà nítorí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ó lọ sídìí àmù kejì tó wà lẹ́bàá ògiri, ó bomi níbẹ̀, ó fi fọ wàláà náà sínú àwo. Omi náà dúdú dáadáa. Hàntú, omi ìwòsàn tí à ń mu, ti délẹ̀.

Ó gbé e fún Kàbírátù. "Bisimilaahi. Mu ún."

Àwo ti kan ètè ọmọ náà nígbà tí Nàfísátù dì í mú.

"Alfa, àmù wo lẹ ti bomi?"

"Àmù àlùwàlá."

"A kì í sẹ́ tibẹ̀."

"Kí la ó sẹ́ ẹ fún? Omi mímu kọ́. Hàntú ni."

"Ẹnu náà ló ń gbà wọlé. Kàbírátù sì ti ń mu ún láti èṣí."

"Haba, ìyàwó," ni ìyá àgbà wí.

Alfa rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló kó sòbìà bá ọmọ mi?"

"Ó tì o. Omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́ ni."

Ajíbóyè wo ilẹ̀. Ó mọ̀ pé onígbàgbọ́ lòun, àti pé ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu òun lè tú gbogbo rẹ̀ ká. Ó kàn tọrọ ìgò funfun kan, ó bu omi àmù àlùwàlá sí i, ó sì gbé e fún Alfa.

"Ẹ gbé e sókè sí oòrùn. Ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ ná."

"Eruku ni mo rí."

"Ẹ tún un wò. Eruku kì í fò."

Alfa tún un wò. Àwọn nǹkan tíntìntín wà nínú rẹ̀, bí iyọ̀ tí kò tíì yọ́. Wọ́n ń ta sókè, wọ́n ń sinmi, wọ́n tún ń ta.

Ojú Ajíbóyè wá là. "Kòkòrò omi nìyẹn. Ó ń jẹ ọmọ sòbìà, àwa náà ń mu òun. Nínú ikùn wa, kòkòrò á kú, ṣùgbọ́n ọmọ sòbìà kò ní kú. Yóò máa dàgbà níbẹ̀ fún bí ọdún kan, kó tó wá ọ̀nà gba ẹsẹ̀ jáde. Aṣọ yìí kò ní agbára kankan, Alfa. Ojú ihò rẹ̀ ló kéré sí kòkòrò yìí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó sẹ́ omi náà sínú ìgò mìíràn. Kò sí ohun tó ń fò níbẹ̀ mọ́.

Alfa gbé ìgò méjèèjì sí oòrùn. "Sísẹ́ yìí, ṣé ó ń fi nǹkan kún omi?"

"Kò fi nǹkan kan kún un."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Omi tó mọ́ ló yẹ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run." Ó gba àwo lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó rọra da hàntú náà sídìí igi, níbi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀. "Nàfísátù, o ò jẹ̀bi. Máa bá sísẹ́ rẹ lọ, kí o sì sẹ́ ti àmù yìí náà." Ó yíjú. "Ìyá, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ṣé mo sọ nǹkan ni?"

Lẹ́yìn náà ni Alfa kọjú sí wolé-wolé. "Ajíbóyè, àwọn tí mo fún ní hàntú láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wá ńkọ́? Aboyún wà nínú wọn. Àwọn ọmọ kéú mi wà níbẹ̀."

"Èyí tó ti wọlé, kò sí oògùn tí yóò pa á. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀, kí ẹni tó bá jáde lára rẹ̀ má baà wọ adágún."

Alfa dé fìlà rẹ̀. Ilé Sàláhúdéènì ló kọ́kọ́ kàn, nítorí ibẹ̀ ni hàntú ti pọ̀ jù. Ó kí wọn tán, kò sì yí ọ̀rọ̀ ká: "Omi tí mo fún yín mu, n kò sẹ́ ẹ."

Bẹ́ẹ̀ ló sọ lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé tó dé títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ará wa, omi kì í mọ orúkọ tí a sọ ọ́. Ẹ máa sẹ́ omi àgbo, omi tí ẹ fi ń lo àgúnmu, omi hàntú, omi tí ẹ fi ń yọ ẹnu, àti èyí tí ọmọ ń yọ́ mu lẹ́nu búútà àlùwàlá. Ẹ jẹ́ kí ojú aṣọ kan náà máa wà lókè, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá lè se omi rẹ̀ kó hó, ìyẹn dára jù. Kí ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ má ṣe wọ omi tí ìlú ń pọn. Bí sòbìà bá sì yọ nínú ilé tó ń sẹ́ omi, ẹ má ju aṣọ asẹ́ nù. Ẹ wá omi tí ẹ kò sẹ́ rí.