Iyàrá Kan, Máìkì Kan

Orí bẹ́ǹṣì onígi kan ni Motúnráyọ̀ dúró sí lọ́jọ́ tí Sanmí kọ́kọ́ rí i. Ọjọ́ ọjà Mọníyà ni, oòrùn ọ̀sán ń ta bí iná. Àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta wá kéde abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n gbé wá ti dákẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọmọbìnrin tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, tí ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà létí ọwọ́ aṣọ rẹ̀, gba ìwé lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó gun bẹ́ǹṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Kò pariwo. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ ni. Síbẹ̀, àwọn aláta tó wà ní ìkangun ọjà ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń mi orí.

Sanmí wà lẹ́yìn ọ̀kadà, ilé ló ń lọ.

“Ẹ dúró níbí,” ó wí fún ọlọ́kadà.

“Ẹ ò tíì dé ibi tẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń lọ.”

“Mo mọ̀. Ẹ sáà dúró.”

Ó dúró síbi ìbòòji títí ọmọbìnrin náà fi kàwé tán, tó sì sọ̀kalẹ̀. Nígbà náà ló lọ bá a.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ohùn yín ni mo fẹ́.”

Ọmọbìnrin náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. “Ohùn mi nìkan? Àwọn tó ti dá mi dúró ṣáájú yín lónìí, gbogbo mi ni wọ́n ń béèrè.”

Ojú ti Sanmí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọmọ Ẹgbẹ́dá ni, ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin ní Mọníyà ló ń gbé. Iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe: ó ń gba ohùn ènìyàn sílẹ̀, ó ń tún un ṣe, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà lókè òkun. Obìnrin Yorùbá kan ní Kánádà, Ìyáàfin Títíladé, ń wá ẹni tí yóò ka ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún. Ohùn mẹ́rin ni Sanmí ti fi ránṣẹ́ sí i. Obìnrin náà ní gbogbo wọn ń ka Yorùbá bí ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kà á fúnra yín?”

“Ohùn tèmi dà bí ti àkùkọ tí òtútù mú.”

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Kò fún un ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ó gba tirẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ló tó pè é.

Olùkọ́ ni Motúnráyọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, Ìjàyè ló sì ti ń wá. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi sí iṣẹ́ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wọ iyàrá Sanmí, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á: fóòmù bẹ́ẹ̀dì ló so mọ́ ara ògiri, bùláńkẹ́ẹ̀tì ló fi dí fèrèsé kí ariwo ìta má baà wọlé, wọn kò sì gbọdọ̀ tan fáànù. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òógùn ti bò wọ́n. Bí ọ̀kadà bá kọjá, wọ́n á tún un. Bí àdúgbò bá tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á jókòó dè é, wọ́n á máa bó ọsàn jẹ.

“Ẹ tún un sọ,” ni Sanmí máa ń wí.

“Ọ̀gá Ẹ-tún-un-sọ,” ni Motúnráyọ̀ ń pè é nígbà tó fi máa di oṣù kejì. Òun náà ń pe ọmọbìnrin náà ní Olóhùn Iyọ̀. Wọn kò mọ ọjọ́ tí “ẹ” kúrò láàárín wọn tí “o” dé. Nígbà tí òjò ọjọ́ kan dá wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà, Sanmí sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Motúnráyọ̀ ní òun ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, pé Sanmí alára ló pẹ́ kó tó mọ̀.

Motúnráyọ̀ mú un lọ sílé wọn. Bàbá rẹ̀, Lazarus, ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún mọ́kànlélógún kó tó fẹ̀yìn tì sí oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, gbogbo Ìjàyè sì ń pè é ní Bàbá Tíṣà.

“Níbo ni ọ́fíìsì rẹ wà?” ó bi Sanmí.

“Ilé mi ni, sà.”

“Ta ni ọ̀gá rẹ?”

“Àwọn oníbàárà mi ni, sà. Èyí tó tóbi jù nínú wọn wà ní Kánádà.”

“Ẹ ti fojú kojú rí?”

“Rárá, sà.”

Bàbá Lazarus yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. “Ẹni tí kò rí ọ rí, tí kò mọ ilé rẹ, ó ń sanwó fún ọ. Orúkọ tí a ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí ni gbájúẹ̀.”

“Bàbá!” Motúnráyọ̀ ké.

“Mi ò ní kó má jẹun. Ọmọ mi ni mi ò ní fún un.”

Motúnráyọ̀ bá bàbá rẹ̀ jà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní Sanmí kò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì rí, ó sì dá a lójú pé òótọ́ ni òun ń sọ.

Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tó wà lójú ewé tí Sanmí fi ń polówó iṣẹ́ rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Sanmí bẹ̀rẹ̀, ó kọ̀wé béèrè iṣẹ́ lọ́dọ̀ ènìyàn tó lé ní ogójì, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ló bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé iṣẹ́ ńlá ni òun ní, òṣìṣẹ́ márùn-ún, iyàrá ìgbohùnsílẹ̀ méjì. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kò sì pa á rẹ́ mọ́. Nísinsìnyí, Ìyáàfin Títíladé fẹ́ gbé iṣẹ́ ọdún kan gbáko fún un. Ó ní kí àwọn kọ́kọ́ rí ara wọn lórí fídíò lọ́jọ́bọ̀, kí òun kí gbogbo òṣìṣẹ́.

“Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni,” Sanmí bẹ Motúnráyọ̀. “Ìwọ á jókòó bí akọ̀wé. Màá pe àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin kún un.”

Motúnráyọ̀ yíjú sí i.

“Mo ti bá bàbá mi jà nítorí rẹ, Sanmí.”

“Kì í ṣe jìbìtì o. Iṣẹ́ tí mò ń fi ránṣẹ́ kò lábùkù.”

“Ta ni òṣìṣẹ́ kẹta? Dárúkọ rẹ̀ fún mi.”

Sanmí bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà máìkì. Motúnráyọ̀ yọ ohun tó fi ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ létí, ó rọra gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì jáde. Kò fi ìbínú sé ilẹ̀kùn. Èyí ló dun Sanmí jù.

Lọ́jọ́bọ̀, kò pe ọ̀rẹ́ kankan. Nígbà tí ojú Ìyáàfin Títíladé yọ, ó kí i, ó sì gbé kọ̀ǹpútà náà yípo kí obìnrin náà lè rí fóòmù, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti tábìlì tó ti yẹ̀ lẹ́sẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, iyàrá kan ni, máìkì kan ni. Èmi nìkan ni òṣìṣẹ́, àti ẹni tó ń kàwé. Irọ́ ni mo kọ síbẹ̀.”

“Iṣẹ́ yín dára,” ni obìnrin náà wí. “Ká ní ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi látìbẹ̀rẹ̀, ǹ bá ti gbà yín bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé iṣẹ́ ọdún kan lé ẹni tó ti parọ́ fún mi lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ pé ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́.”

Bí iṣẹ́ náà ṣe lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn ọmọ wà níta fún ìsinmi, àtẹ̀jíṣẹ́ Sanmí wọlé sórí fóònù Motúnráyọ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀. Ojú ewé tuntun tó fẹ́ fi polówó iṣẹ́ ló fi ránṣẹ́, pẹ̀lú gbólóhùn kan: “Jọ̀ọ́ bá mi kà á. Èyí tó bá jẹ́ irọ́ níbẹ̀, pa á rẹ́.”

Motúnráyọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Sanmí kọ ohun tó lè ṣe síbẹ̀, ó kọ èyí tí kò lè ṣe. Ó ní iná ìjọba kì í dúró lágbègbè òun, ṣùgbọ́n òun ní sólà tó ń gbé iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà. Ó ní òun kì í gba ju iṣẹ́ méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tó kọ “ìrírí ọdún márùn-ún” sí, Motúnráyọ̀, tó mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pa márùn-ún rẹ́, ó kọ “mẹ́ta ààbọ̀”. Ó dá a padà.

“O ṣeun,” ni Sanmí fèsì. Motúnráyọ̀ ń retí ọ̀rọ̀ mìíràn títí agogo fi lù. Kò sí. Inú bí i díẹ̀, kò sì mọ ẹni tí ìbínú náà wà fún.

Oṣù mẹ́rin tẹ̀ lé e. Sanmí kò tún kọ lẹ́tà kan náà sí ogójì ènìyàn mọ́. Ó ń ka ohun tí oníbàárà béèrè dáadáa, ó ń fi gbólóhùn mẹ́ta dáhùn, ó sì ń fi ohùn ìṣẹ́jú kan tó ṣe nítorí iṣẹ́ yẹn gan-an tì í. Iṣẹ́ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nígbà tí tíráńsífọ́mà iná àdúgbò jó, tí kùrukùru ọyẹ́ kò sì jẹ́ kí sólà rí oòrùn gbà, ó kọ̀wé sí oníbàárà kan nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí àdéhùn pé, ó ní iṣẹ́ kò ní í bá ọjọ́ mu, ó sì dá ọjọ́ tuntun. Oníbàárà náà gbà. Ó tún padà wá lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Oníbàárà yìí ló ní òun ń fẹ́ ohùn obìnrin. Sanmí pe Motúnráyọ̀, ó sì wá.

“Iṣẹ́ ni mo wá ṣe o.”

“Mo mọ̀.”

Wọ́n ṣiṣẹ́. Wọ́n sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọn kò sọ.

Ìgbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì tó ń ṣe ẹ̀kọ́ olóhùn fún àwọn àgbẹ̀ ń wá ohùn àgbàlagbà ọkùnrin, ẹni tó mọ̀wé kà tó sì mọ oko. Sanmí dán ọkùnrin mẹ́ta wò. Ọ̀kan ń pariwo, ọ̀kan ń sùn, ẹ̀kẹta ń wàásù.

“Bàbá rẹ ni mo fẹ́ lọ bá,” ó sọ fún Motúnráyọ̀.

“Bàbá mi? Ṣé orí rẹ pé?”

Bàbá Lazarus ń yin àgbàdo lójúde nígbà tí Sanmí dé.

“Mo ti sọ ohun tí mo ní í sọ nípa ọ̀rọ̀ ọmọ mi.”

“Ọ̀rọ̀ ọmọ yín kọ́ ló gbé mi wá, sà. Iṣẹ́ ni.” Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì na ìwé tó mú wá sí i.

Bàbá Lazarus kà á. Ojú rẹ̀ le. “Ta ló kọ èyí? Wọ́n ní kéèyàn kó àgbàdo sínú àká nígbà tó ṣì tutù. Yóò bu!”

“Ó ṣe mí ní kàyéfì náà, sà, ṣùgbọ́n mi ò mọ àgbàdo tó yín. Màá kọ ọ́ sí wọn.”

Ó fi fóònù gba ohùn bàbá sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó pè é pé àwọn ará Jámánì ti tún ibi àgbàdo náà ṣe, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ní ohùn náà ni àwọn fẹ́.

“Màá wá,” ni Bàbá Lazarus wí. “Kì í ṣe nítorí rẹ o.”

Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n dá. Aago méje ló ti dé, pẹ̀lú agbádá tó fi sítáàṣì lọ̀. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà tí Sanmí fi gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ má bínú, sà. Agbádá yín ń sọ̀rọ̀.”

Bàbá bọ́ agbádá. Wọ́n tún un. Ewúrẹ́ ké, wọ́n tún un. Ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè, wọ́n tún un. Ikọ́ gbé bàbá fúnra rẹ̀. Nígbà tí gbólóhùn kan ṣoṣo náà di ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án, tí Sanmí sì ti mi orí pé ó dára, Bàbá Lazarus ní rárá, pé òun sáré jù ní ìparí rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un kà.

Lọ́sàn-án, ó jókòó síta nínú síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti tutù fún òógùn. Motúnráyọ̀, tó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ wá, wọlé lọ bu omi.

“Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?” bàbá bi Sanmí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ó le ju kíkọ́ ọmọ lọ.” Ó fi aṣọ nu ọrùn. “Àwọn ará Jámánì yẹn, ṣé wọ́n mọ ẹni tí mo jẹ́?”

Sanmí wolẹ̀. “Wọ́n mọ̀, sà. Kí n tó fi ohùn yín ránṣẹ́ ni mo ti kọ ọ́ sí wọn pé bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣe aya ni yín. Mo ní bí wọ́n bá rò pé ojúsàájú ni, kí wọ́n sọ, kí n wá ẹlòmíràn.”

Bàbá Lazarus gbé aṣọ náà kalẹ̀.

“Ọmọbìnrin tí o fẹ́ fi ṣe aya. Ṣé o ti bi òun fúnra rẹ̀?”

“Kò tíì bi mí.” Motúnráyọ̀ ló dáhùn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi. “Àwọn ará Jámánì ló kọ́kọ́ sọ fún.”

Bàbá gba omi náà, ó mu ún tán. Ó dìde, ó kó agbádá rẹ̀ lé èjìká. “Mò ń lọ wá ọ̀kadà ní títì. Ẹ máa yanjú ìyẹn láàárín ara yín.”

Nígbà tó lọ jìnnà, Sanmí yíjú sí Motúnráyọ̀.

“Ẹ̀rù ló bà mí,” ó ní. “Mo rò pé bí mo bá tètè sọ ọ́, ìwọ á ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.”

“Mo ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́.”

“Motúnráyọ̀, ṣé wàá fẹ́ mi?”

“Tí mo bá fẹ́ ọ, o ò gbọdọ̀ parọ́ fún mi. Kódà èyí tí yóò mú inú mi dùn.”

“Mo gbà.”

Ó gba ọwọ́ rẹ̀, ó sì dì í mú. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí bàbá fi pè láti títì pé ọ̀kadà ti dé.

Nínú oṣù kẹwàá, nígbà tí iṣu tuntun ti kún gbogbo ilé ní Ìjàyè, àwọn ará Ẹgbẹ́dá wá ṣe ìdána. Ìyàwó wọlé, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn ẹbí méjèèjì. Alága ìjókòó ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun yóò bi í bóyá kí àwọn gba ẹrù tí wọ́n gbé wá yìí. Ó bi í lẹ́ẹ̀kan.

“Ẹ gbà á,” ni Motúnráyọ̀ dáhùn, ketekete, títí dé ìdí ọsàn tí àwọn ìyálé ti ń dáná. “Ẹ má wulẹ̀ bi mí mọ́.”

Ẹ̀rín sọ. Alága yíjú sí Bàbá Lazarus láti mọ̀ bóyá kí òun tẹ̀ síwájú. Bàbá mi orí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù wọlé.