Ìjì Ti Rọlẹ̀, Omi Ṣì Ń Bọ̀

Bí ìjì bá ti gbéra láti inú òkun Gúúfù, ilé Dalton Verret ni gbogbo wa ní Bayou Sauvelle, abúlé apẹja wa létí òkun, máa ń gbà lọ. Rédíò ń sọ tiẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ń sọ tiẹ̀, ṣùgbọ́n a ò ní gbà pé òótọ́ ni àfi bí Dalton bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó lẹ àwòrán atọ́nà òkun mọ́ ògiri ilé ìdáná rẹ̀, irú èyí tí àwọn ilé ìtajà máa ń fún oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́ bí àsìkò ìjì bá dé. Nígbàkígbà tí bàálù àwọn tó ń wọn ìjì bá ti jáde láti inú rẹ̀, tí rédíò sì kéde ohun tí wọ́n rí, Dalton á mú pẹ́ńsù, á fi àmì sí ibi tí ìjì dé, á kọ ìpele agbára rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àmì náà. Lẹ́yìn náà á ṣí bíà.

Apẹja edé ni. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé òun mọ̀ ọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ tipẹ́, nítorí ọtí àti ọwọ́ líle. Ìyá rẹ̀ nìkan, Màmá Odile, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ìyá yìí bá ń gbàdúrà, Dalton á yí rédíò sókè.

Nígbà tí Ìjì Marcelle dé àárín òkun, ìpele karùn-ún ló wà, kò sì sí ìpele kẹfà. Jìnnìjìnnì bo gbogbo wa. Àwọn apẹja ń wa ọkọ̀ wọn gòkè odò gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn irin ńlá tí ìjọba fi ń dí ẹnu odò mọ́ omi òkun. Bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn yẹn, ẹni tó bá kù sísàlẹ̀ kù síbẹ̀ nìyẹn. Dalton náà wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ó so ó mọ́ igi, ó sì padà wálé láti wá gbé ìyá rẹ̀.

Ibi tó ti ń di ẹrù lọ́wọ́ ni rédíò ti kéde pé ìjì náà ti dín kù sí ìpele kẹrin. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, ó ti di ìpele kẹta. Dalton ju àpò sílẹ̀, ó bọ́ síta lọ bá àwọn aládùúgbò tó ń kó ẹrù sínú mọ́tò.

"Ẹ̀yin ojo! Ìjì tí ẹ̀ ń sá fún ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ máa lọ o! Bí ẹ bá dé òkè odò, ẹ bá mi kí àwọn ẹ̀fọn ibẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Wilbert Dardar ló wá bá a nínú ilé. Àtikékeré ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́. Wilbert ní ọkọ̀ tirẹ̀ nígbà kan rí, ìjì kan gbé e lọ, ó fọ́ yángá. Láti ọjọ́ náà, inú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti gba Jésù gbọ́, kì í sì í fi pa mọ́.

"Dalton, kí lo ṣì ń ṣe níbí? Ọ̀sán yìí ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn."

"Wo ara ògiri, kó o yé pariwo. Karùn-ún, kẹrin, kẹta. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, atẹ́gùn tí wọ́n fi ń gbẹ aṣọ ló máa kù."

"Agbára atẹ́gùn nìkan lo kọ síbẹ̀. Omi tó ti rọ́ síwájú nígbà tó wà ní ìpele karùn-ún ńkọ́? Ìyẹn ò gbọ́ pé atẹ́gùn ti rọ̀. Ó ti gbéra, ó ń bọ̀."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìjì? Ìwọ tí ìjì gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ?"

Wilbert wò ó títí.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjì nìkan ni mo bá wá, Dalton. Bó o bá kú lónìí, ibo lọkàn ẹ ń lọ?"

Dalton bú sẹ́rìn-ín. "Ọkàn mi? Òun náà ti rọlẹ̀! O ò rántí bí mo ṣe rí tẹ́lẹ̀ ni? Ọtí líle láàárọ̀, ìjà lálẹ́. Ìpele karùn-ún lèmi náà wà nígbà yẹn. Wá wò mí báyìí. Bíà lásán ni mò ń mu, mi ò na ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ti di ìpele kìíní. Ọlọ́run á rí i pé mò ń gbìyànjú."

"O ti dín kù lóòótọ́. Gbogbo èyí tó o ṣe nígbà tó o wà ní karùn-ún, ibo ló lọ?"

Ojú Dalton yí padà. Ó na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Jáde nílé mi."

Wilbert yíjú sí ìyá àgbà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Mo gbé mọ́tò wá."

Màmá Odile gbé ìkòkò ọbẹ̀ ilá rẹ̀ kúrò lórí iná, ó jókòó. "O ṣeun, ọmọ mi. Ibi tí Dalton bá wà ni mo wà. Bóyá bó bá rí i pé mo jókòó, á dìde."

Ó jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n Dalton kò dìde. Agídí ọkùnrin burú! Ó rí ìyá tó bí i tó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sì kọ̀yìn sí i.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn odò lọ́sàn-án. Láìpẹ́, rédíò ní ìjì ti bọ́ sí ìpele kejì. Dalton kọ ọ́ sí ara ògiri gàdàgbà. Nígbà tí atẹ́gùn dé, ó mi ilé náà, ó ṣí páànù mélòó kan, ṣùgbọ́n kò ju èyí tí wọ́n ti rí rí lọ.

"Màmá, mi ò wí?" ni Dalton sọ.

Ilẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń wò. Omi ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó dákẹ́, ó dúdú, ó sì ń yára. Dalton ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n. Iyọ̀ ni. Òkun ti dé inú ilé.

Kí ó tó palẹ̀ rédíò mọ́, omi ti dé orúnkún rẹ̀. Tábìlì léfòó. Ó gbé ìyá rẹ̀ sí èjìká, ó tì í gba ojú ihò gòkè àjà, òun náà sì fa ara rẹ̀ gòkè. Gbogbo ilé lọ́dọ̀ wa ló ní àáké lókè àjà, nítorí irú ọjọ́ báyìí, kí èèyàn lè fi la òrùlé. Dalton fọwọ́ wá tirẹ̀ kiri nínú òkùnkùn àjà. Ìgbà náà ló rántí pé òun ti mú un lọ sínú ọkọ̀, láti fi gé igi, òun kò sì dá a padà.

Ó fi ẹsẹ̀ ta pákó òrùlé títí ẹ̀jẹ̀ fi bò ó. Pákó kò yẹ̀. Omi gba ojú ihò yọ sí wọn, ó dé ìdí, ó dé ìgbáyà. Ó gbé ìyá rẹ̀ lé orí igi àjà tó ga jù. Ètè obìnrin náà ń gbàdúrà.

"Màmá, èmi ni mo pa yín."

"A ò tíì kú. Bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ti sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n."

"O ti sàn, ọmọ mi. Ṣé sísàn ọ̀hún lè lé omi yìí padà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Ohun kan wà tí Dalton kò tíì sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan. Ní ọdún tí ìjì gbé ọkọ̀ Wilbert lọ, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n so ọkọ̀ méjèèjì mọ́. Ọkọ̀ Wilbert ń gbá tirẹ̀ lára, ó fẹ́ fọ́ ọ. Dalton yọ ọ̀bẹ, ó gé okùn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá gbogbo wa káàánú Wilbert pé ìjì ò ṣeun. Láti ìgbà náà ló ti ń dín ẹ̀ṣẹ̀ kù, tó ń dín ọtí kù, ṣùgbọ́n okùn yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. "Jésù, mo gé okùn Wilbert. Mo fi irọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Mo lu ìyàwó mi, mo fi ìyá mi ṣe ẹ̀sín. Mi ò lè dá ọ̀kan padà nínú rẹ̀. Ìwọ lo kú fún irú mi. Ṣàánú mi, bí mo tilẹ̀ máa kú síbí."

Omi kò dédé fà. Ọrùn rẹ̀ ló dé, ó sì dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàáfíà tí Dalton kò mọ̀ rí wọ inú rẹ̀, kò sì bẹ̀rù mọ́, àfi fún ìyá rẹ̀.

Nígbà tí atẹ́gùn rọ̀ ni wọ́n gbọ́ ìró àáké lórí òrùlé. Wilbert ni. Ilẹ̀kùn odò ṣì wà ní títì, ọkùnrin yìí sì ti wọ́ ọkọ̀ pẹlẹbẹ gun orí òkìtì erùpẹ̀ tó ń dá omi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà, ó wọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀ sínú àgbàrá, ó fi wá wọn. Ó la pákó, ìmọ́lẹ̀ wọlé, ojú rẹ̀ sì yọ.

"Dalton! Ṣé Màmá wà láàyè?"

"Ó wà láàyè. Wilbert, dúró ná. Kó o tó fà mí jáde, mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ìjì kọ́ ló gbé ọkọ̀ ẹ lọ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo gé okùn ẹ."

Àáké ṣì wà lọ́wọ́ Wilbert. Omi ń ṣàn kọjá lára ọkọ̀ rẹ̀.

"Mo mọ̀," ni Wilbert wí. "Okùn tí ìjì bá já máa ń fọ́ yánkan yànkan lẹ́nu. Tèmi gé geere. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ pa ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi sá lọ bá Jésù." Ó sọ àáké sínú ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì wọ inú ihò náà. "Gbé Màmá fún mi."

Ilé Dalton lọ pẹ̀lú omi, àwòrán ara ògiri náà sì bá a lọ. Òun fúnra rẹ̀ dìde níwájú gbogbo ìjọ, ó sọ ohun tó ṣe. Inú ọkọ̀ kan náà ni òun àti Wilbert ti ń pẹja lónìí, a kì í sì í gbọ́ kí ó sọ pé òun ti sàn.

Ìwọ tó ò ń kà á ńkọ́? Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ. O ti fi sìgá sílẹ̀. O kì í jalè bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́bìnrin méjì ló ti ku ẹyọ kan. Ó dára, ṣùgbọ́n mi ò bi ọ́ léèrè bó o ṣe rí lónìí. Èyí tó o ti ṣe sẹ́yìn ni mò ń bi ọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tó o di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹlòmíì. Ó ń bọ̀ wá bá ọ, ìwà rere tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù kò sì lè dá a dúró. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló lè wẹ̀ ẹ́ kúrò.

Má dúró di ọ̀la, ọ̀la kì í ṣe tìrẹ. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà yìí, kó o sì pe ohun tó o ṣe ní orúkọ rẹ̀ gan-an níwájú Jésù. Kò ní yà á lẹ́nu. Ó ti mọ̀ ọ́n látọjọ́ yìí, síbẹ̀ ọwọ́ ló nà sí ọ.