Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Inú Apá Bíńtín

Bíńtín ni gbogbo ilé ń pè é. Lọ́jọ́ Ẹtì, Bíńtín gba abẹ́rẹ́ àjẹsára korona.

"Ó ti tán," ni nọ́ọ̀sì wí. Àmọ́ kò tíì tán.

Nígbà tí Bíńtín délé, apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Gbì. Gbì. Gbì.

Bíńtín dúró. Ilé pa rọ́rọ́. Kọ́tìnì ń mì, bẹ́ẹ̀ kò sí atẹ́gùn.

Gbì. Gbì. Gbì.

"Ta nìyẹn?" ni Bíńtín bi apá rẹ̀. Apá kò dáhùn, ó kàn gbóná.

Àyà Bíńtín já. Ẹnì kan wà nínú apá yìí! Bóyá korona ni!

Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni Màmá ti ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, gbogbo ìgò tó léwu ló ní bébà pupa lára. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé: MÁ ṢÍ I.

Bíńtín mú bébà pupa kan nínú báàgì tí Màmá fi sílẹ̀ nílé. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá rẹ̀. Pàá!

Ìyá Àgbà wọlé, ó la ọwọ́ méjèèjì. "Bíńtín mi! Wá, kí n gbá ọ mọ́ra."

Ojoojúmọ́ ni Bíńtín máa ń sáré kó sí i láyà. Lónìí, ó fẹ̀yìn rìn.

"Ẹ má sún mọ́ mi o, Ìyá Àgbà!"

Ọwọ́ Ìyá Àgbà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Kí ni mo ṣe?"

Bíńtín sá wọ yàrá. Ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún. Àánú Ìyá Àgbà ń ṣe é.

Màmá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó yọjú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rí bébà pupa.

"Kí ló wà nínú apá tí a ò gbọdọ̀ ṣí?"

"Ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn nínú ẹ̀, Màmá. Mi ò fẹ́ kó bọ́ sára Ìyá Àgbà."

Màmá kò rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ lo sọ," ó ní. "Àmọ́ kì í ṣe ẹnì kan. Wọ́n pọ̀."

"Yéè!" ni Bíńtín ké.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá mú un lọ síbi iṣẹ́. Ìyá Àgbà ń bọ̀ lẹ́yìn, ó jìnnà bí Bíńtín ṣe fẹ́.

Yàrá náà tutù. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Fíríìjì ń kùn: hùùùn.

Màmá gún ìka Bíńtín fẹ́rẹ́. Tó! Ẹ̀jẹ̀ kán sórí dígí. Màmá fi aró sí i, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá.

Bíńtín fojú sí i. Nǹkan róbótó kan wà níbẹ̀. Ó dúró jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń dúró de ẹnì kan.

"Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ara rẹ nìyẹn," ni Màmá wí. "Korona kọ́ ló wà nínú abẹ́rẹ́. Lẹ́tà tó ń júwe korona ni. Ara rẹ kà á, ó sì ṣe ẹ̀gún tó jọ èyí tó wà lára korona. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fọwọ́ kan ẹ̀gún náà. Wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa dá a mọ̀."

"Lẹ́tà náà dà?"

"Ara rẹ kà á tán, ó sì yọ́."

"Ṣé wọ́n lójú, Màmá?"

"Wọn ò lójú. Inú òkùnkùn ni wọ́n ń rìn. Wọ́n ń fọwọ́ kan ilẹ̀kùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Ilé tí korona bá wọ̀, wọ́n á mọ̀."

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ni Ìyá Àgbà pariwo láti ẹ̀yìn. "Tiwọn, ọwọ́ ni!"

"Ṣé wọ́n lè bọ́ sára Ìyá Àgbà?"

"Rárá o. Ara rẹ ni ilé wọn. Wọn kì í sì í tètè gbàgbé."

Bíńtín fa bébà pupa ya. Ṣàá! Ó sáré, ó kó sí àyà Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà gbá a mọ́ra títí.

"Èmi náà gba abẹ́rẹ́ lóṣù tó kọjá," ni Ìyá Àgbà wí.

Bíńtín fi etí lé apá Ìyá Àgbà. Apá náà dákẹ́. Ó dákẹ́ jù.

Bíńtín fi ìka kàn án. Kó, kó, kó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó rọra sọ. "Èmi ni. Bíńtín ni."

Nínú lọ́hùn-ún, nǹkan kan dáhùn.

Gbì.