Wáyà Olórí Méjì

Àrá kan sán, kárafáànù tí wọ́n ń gbé sì mì láti ìdí dé òrùlé. Rodiat ju ìwé tó ń kà fún ìdánwò sílẹ̀, ó fa Waheed àbúrò rẹ̀ mọ́ra. Kí ọmọ náà tó ráyè sunkún, iná kú.

"Wọ́n ti mú un lọ!" Ganiat àlejò wọn ké, bí ẹni pé Mushin ní Èkó ló ṣì wà.

"Ta ni 'wọ́n'?" Rodiat dáhùn. "Kò sí Nẹ́pà níbí. Òjò ló fà á."

"Òjò tàbí Nẹ́pà, ṣebí òkùnkùn kan náà ni."

Òtítọ́ ni. Àkókò ìrun Màgáríbà kò tíì tó, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Òjò kì í sábà rọ̀ ní Sharjah, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dúbáì, àmọ́ ọjọ́ tó bá pinnu láti rọ̀, kò sí gọ́tà tó lè gbà á. Ọgbà iyanrìn tí wọ́n ń gbé ti di odò. Àwọn páálí òfìfo ń léfòó kiri nínú omi bí ewúrẹ́ tí kò ní olùṣọ́.

Ilé tí wọ́n wà yìí, ilé orí táyà ni. Làtífù bàbá Rodiat ra kárafáànù náà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ó sì fà á wá sínú ọgbà tí wọ́n ti ń di ẹrù tó ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Ibùsùn wà níbẹ̀, àdògán gáàsì wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, Làtífù á ní, "Lọ béèrè iye tí wọ́n ń gba owó ilé ní àdúgbò Al Majaz ná, kó o tó padà wá rẹ́rìn-ín." Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun àti Raliat ìyàwó rẹ̀ ti mú ìyá Ganiat lọ sí ọjà Deira ní Dúbáì, kí wọ́n bá a ná ọjà tó wá rà láti Èkó. Wọ́n fi Ganiat, tó jẹ́ ẹgbẹ́ Rodiat, sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Òjò ti dí ọ̀nà mọ́ wọn báyìí.

Rodiat fi ọwọ́ tálẹ̀ títí ó fi kan ínfátà lábẹ́ ibùsùn. Ọjà tí bàbá rẹ̀ ń kó ránṣẹ́ sí Èkó ni, ó wá mú ọ̀kan lò nílé. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Wáyà pupa àti dúdú so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀ ńlá kan, òun ló sì ń sọ agbára bátìrì di iná tí ènìyàn lè lò nínú ilé. Ṣùgbọ́n ihò kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, iná orí tábìlì kékeré kan ni wọ́n sì máa ń kì bọ̀ ọ́. Rodiat tẹ bọ́tìnnì. Iná náà tàn.

Ganiat wò ó, ó pòṣé. "Iná rèé àbí tanátaná? N kò rí imú ara mi gan-an."

"Ẹ̀gbọ́n mi," Waheed sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "nǹkan kan ń rìn níta."

Gbogbo wọn tẹ́tí. Lóòótọ́, lábẹ́ ariwo òjò, nǹkan kan ń la omi kọjá: ṣàà, á dúró, ṣàà, á tún dúró. Ó sún mọ́ ara kárafáànù. Nǹkan náà fara kan páànù lẹ́yìn ibi tí wọ́n jókòó sí, ó dún gbì. Rodiat tún fa Waheed mọ́ra.

"Ẹ jẹ́ ká pe Bọ̀dá Sùnmọ́nù," Waheed ní.

"Dádì ní ká má bá wọn sọ̀rọ̀," Rodiat dáhùn.

Kárafáànù Sùnmọ́nù kò jìnnà sí tiwọn. Dídi ẹrù ni iṣẹ́ tirẹ̀ náà, Làtífù ló sì kọ́ ọ. Wáyà kan ṣoṣo láti sítọ́ọ̀ ńlá tí wọ́n ń kó ẹrù sí ló ń gbé iná wá fún ilé méjèèjì. Inú àpótí igi kan láàárín wọn ló ti ń pín sí méjì. Síbẹ̀ láti ìgbà òjò èṣí, Làtífù ti yan ọkùnrin náà lódì. Bí wọ́n bá pàdé nídìí ẹ̀rọ omi, ọ̀kan á máa wo ọ̀run, èkejì á máa wo iyanrìn. Ọ̀rọ̀ tó dá a sílẹ̀ kò sì ju wáyà kan lọ.

Wáyà náà ni Ganiat rí lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn báyìí. Orí méjì ló ní, orí méjèèjì sì ní eyín irin. Nígbà tí wọ́n wà ní Èkó, Làtífù á ki orí kan bọ jẹnẹrétọ̀, á ki èkejì bọ ihò iná ara ògiri, gbogbo ilé á sì tàn. Nígbà tó ń bọ̀ ní Sharjah, ó ká a sáàárín aṣọ rẹ̀ bí ẹni ká ohun ìní ìdílé. Lójú àwọn oníbàárà ni Sùnmọ́nù ti wò ó lọ́dún èṣí tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wáyà yìí máa pa èèyàn lọ́jọ́ kan." Ohun tó dun Làtífù nìyẹn. Ọmọ tí òun kọ́ bí wọ́n ṣe ń so páálí ló fẹ́ máa kọ́ òun níṣẹ́!

"Ẹ ní èyí nílé, ẹ wá jókòó sínú òkùnkùn?" Ganiat já a bọ́ lórí ìṣó. "Rodiat, o ti di ará Dúbáì pátápátá. Ojo! Èmi ni mo máa ń ki tiwa bọ jẹnẹrétọ̀ ní Mushin."

"Dádì ní ká má fọwọ́ kàn án bí wọn ò bá sí nílé."

Omi tún dún níta. Ṣàà. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan fọwọ́ fá ara àpótí igi, fààrà, fààrà. Waheed bú sẹ́kún.

"Ó dáa, máa ṣègbọràn," Ganiat wí, ohùn tirẹ̀ náà sì ti ń gbọ̀n. "Títí nǹkan yẹn fi máa wọlé wá bá wa."

Ẹ̀rù ló mú Rodiat gba wáyà náà. Ó mọ̀ pé ohun kan wà tí bàbá rẹ̀ kì í gbàgbé: á kọ́kọ́ jáde lọ gbé ṣúìṣì ńlá tó wà lára kárafáànù wálẹ̀, kí iná inú ilé má baà sá lọ sójú wáyà ìta. Rodiat fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Mànàmáná kọ yẹ̀rì, gbogbo ọgbà funfun bí egungun. Ó yára fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Kò kúkú síná nínú wáyà ìta. Kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

Ká ní ó jáde ni, ì bá ti rí ohun tó ń dẹ́rù bà á.

Ó yọ iná tábìlì kúrò lára ínfátà. Ó ki orí wáyà kan bọ ara ògiri, ó ki èkejì bọ ínfátà. Iná tàn láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, Ganiat sì pàtẹ́wọ́. "Iná dé o! Àbí n kò sọ?"

Àtẹ́wọ́ náà kò tíì tán tí ínfátà bẹ̀rẹ̀ sí í ké wíínwíín. Iná rẹ̀ sílẹ̀, ó tàn, ó tún rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn kan sì dìde níta. Kì í ṣe igbe, nítorí igbe máa ń ní ọ̀rọ̀ nínú. Ohùn ẹran tí okùn fún lọ́rùn ni.

Waheed ti gun ibùsùn, ó gbójú sí fèrèsé. "Bọ̀dá Sùnmọ́nù ni! Wọ́n kúnlẹ̀ sínú omi! Wọ́n di wáyà mú, wọn ò lè jù ú sílẹ̀!"

Ganiat sáré síbi ilẹ̀kùn láti lọ fa ọkùnrin náà. Rodiat gbá a mú ní ìbòrí.

"Má fọwọ́ kàn wọ́n! Ìwọ náà máa lẹ̀ mọ́ ọn!"

Rodiat yíjú sí ara ògiri. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó fa wáyà yọ lára ògiri, ṣùgbọ́n ó rántí pé eyín irin tó bá jáde níbẹ̀ á ṣì ní iná nínú, á sì gbé òun náà. Ínfátà ni ìdí ọ̀rọ̀. Ó wólẹ̀ sábẹ́ ibùsùn, ó di wáyà pupa orí bátìrì mú, ó fà á pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Iná ta pàrà, ó jó o níka. Òkùnkùn dé. Ohùn níta sì dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló bani lẹ́rù jù. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì jáde sínú omi. Sùnmọ́nù ti ṣubú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan sì ti wà lábẹ́ omi. Wọ́n fà á ní abíyá, wọ́n fà á, wọ́n ṣubú, wọ́n tún dìde, títí wọ́n fi gbé e jókòó sórí àtẹ̀gùn kárafáànù. Orí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Bọ̀dá Sùnmọ́nù! Bọ̀dá, ẹ dá mi lóhùn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó pẹ́. Lójú Rodiat, ó pẹ́ ju gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà húkọ́, ó sì pọ omi.

Wọ́n mú un wọlé, wọ́n da aṣọ bò ó. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti jó dúdú. "Mo ti fà á yọ ní sítọ́ọ̀," ó ń sọ ọ́ léraléra, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Omi ló wọ ibi tí wáyà ti so pọ̀, mo fẹ́ tún un ṣe fún ilé méjèèjì. Mo fà á yọ. Iná wo ló tún wọ inú ẹ̀?"

"Àrá ni, Bọ̀dá," Ganiat yára sọ. "Àrá ló sán." Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún Rodiat lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó rọrùn láti gbà. Ta ló máa bá àrá ṣẹjọ́? Rodiat wo àtẹ́lẹwọ́ náà. 

"Kì í ṣe àrá," ó ní. "Èmi ni. Wáyà olórí méjì ni mo ki bọ ínfátà, n kò sì jáde lọ gbé ṣúìṣì wálẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí." Ẹkún gbà á. "Ẹ̀yin la gbọ́ tí ẹ ń rìn níta. Bọ̀dá, kí ló dé tí ẹ ò pè wá?"

Sùnmọ́nù gbójú sókè. "Tí mo bá pè, ta ló máa dá mi lóhùn?"

Ẹnu ọ̀nà ni Làtífù wà nígbà tí ó gbọ́ gbólóhùn yẹn. Omi ń jò lára ṣòkòtò rẹ̀. Raliat àti ìyá Ganiat wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí ẹni tó yàn lódì lórí àga rẹ̀. Ó rí ọwọ́ tó jó. Ó rí wáyà rẹ̀ lára ògiri, kò sì sí ẹni tó nílò láti ṣàlàyé fún un.

"Ẹ̀gbọ́n Làtífù," Sùnmọ́nù ní, "mo sọ fún yín."

Raliat di ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ mú, ó rò pé ìjà ti dé. Làtífù kọjá sídìí ògiri. Ó fa wáyà náà yọ, ó mú ọ̀bẹ ìdáná, ó gé orí kan, ó gé orí kejì, ó sì jù wọ́n sínú òjò. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ síwájú ọmọkùnrin tó kọ́ níṣẹ́.

"Dìde, àbúrò mi. Gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Yalla, jẹ́ ká lọ, ọsibítù yá."

Ní ọ̀nà ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ fún Rodiat, láìbojú wẹ̀yìn: "O ṣẹ̀, mo sì máa bá ọ wí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo so wáyà yẹn kọ́, èmi náà ni mo sì dí yín lẹ́nu."

Sùnmọ́nù yè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka rẹ̀ méjì kò ká dáadáa mọ́. Rodiat ló ń fọ aṣọ rẹ̀ títí ọwọ́ náà fi san. Kò sẹ́ni tó rán an. Ọmọ tó bá fi ẹ̀rù bojú kò ní rí ẹni tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Àgbà tó bá sì fi odì yíyàn ṣe ògiri, ọmọ rẹ̀ ni ògiri náà máa kọ́kọ́ wó lù.

Nígbà tí òjò tún dé, tí iná tún kú, ọwọ́ Waheed ti ń lọ sídìí ínfátà láti ki iná tábìlì bọ̀ ọ́. Rodiat dá a dúró. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fi orí sínú atẹ́gùn àti mànàmáná, àyà rẹ̀ ń já, ó sì ké:

"Bọ̀dá Sùnmọ́nù! Ibo lẹ wà?"

Ó dúró nínú òkùnkùn, kò fọwọ́ kan nǹkan kan, títí ohùn kan fi dá a lóhùn láti òdìkejì omi:

"Inú ilé ni mo wà! Ẹ tan iná yín!"