Bátìrì Òpó Orí Òkè

Gbàgà! Àgádágodo ilé kékeré tó wà nídìí òpó fóònù já bọ́ sílẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni o! Àwọn olè yìí ò tiẹ̀ bẹ̀rù oòrùn mọ́.

"Ẹ tú gbogbo bátìrì náà!" Ìjì, ọ̀gá wọn, pariwo. "Àṣá, ọmọ wa, ń ṣọ́ títì nísàlẹ̀. Bí eṣinṣin bá kọjá, á pè mí lórí fóònù. Ta ló lè ká Ìjì mọ́?"

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ìtàn yìí. Òkè òkun ni bátìrì wọ̀nyí ti wá. Wọ́n jókòó sí èbúté títí eruku fi bò wọ́n, nítorí ọ̀gá kan kò ráyè fọwọ́ sí ìwé. Lọ́ríì tó kó wọn rì sínú ẹrẹ̀. Èjìká làwọn ará ìlú fi rù wọ́n gun òkè! Iná ìjọba kì í wá. Bátìrì yìí nìkan ló ń gbé òpó náà dúró.

Nísàlẹ̀ òkè, olórí ẹ̀ṣọ́ ìlú gbé fóònù sétí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń rọbí nílé ìwòsàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ ò dá o!" nọ́ọ̀sì ń sọ. "Mo fẹ́ pe dókítà tó wà nígboro kó kọ́ mi ní ohun tí màá..."

Fóònù kú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ pátápátá.

"Àwọn olè bátìrì ti dé ìdí òpó!" ó kígbe. "Ẹ gun alùpùpù!"

Vùùù! Vùùù!

Àṣá rí wọn lọ́nà. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Kò lọ. Ó tún pè. Kò lọ! Ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ó sá wọgbó.

Lókè, Ìjì ń súfèé, ó ń kó bátìrì sínú ọkọ̀. Kò wá sí i lọ́kàn pé òpó tó tú yẹn ni Àṣá fi ń pè é. Òmùgọ̀!

Tàù! Tàù! Ìbọn àwọn ẹ̀ṣọ́ fọ́ táyà ọkọ̀. Àwọn olè yòókù fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Àṣá dà?" Ìjì na ọwọ́ sí ìbọn. Kùmọ̀ olórí ẹ̀ṣọ́ bà á lápá, gbò! Ìbọn bọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n..."

"Ta lẹ̀gbọ́n ẹ? Dá gbogbo ẹ̀ padà! Kíá!"

Ìjì kó bátìrì padà, ó so wáyà wọn. Iná kékeré kan tàn lára ẹ̀rọ. Olórí ẹ̀ṣọ́ pe nọ́ọ̀sì.

"Ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n! Dókítà ń pè wọlé!"

Wọ́n dúró. Nígbà tó yá, fóònù dún.

"Ẹ̀jẹ̀ ti dá, ẹ̀gbọ́n. Ìyá wà láàyè." Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún. "Ọmọ ti lọ kí ìpè dókítà tó wọlé."

Olórí ẹ̀ṣọ́ ò sunkún. Ó yọ fóònù kúrò lápò Ìjì. Àtẹ̀jíṣẹ́ Àṣá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni: "Ọ̀gá, ẹ sá! Wọ́n ń bọ̀!"

Ó gbé e sí i lójú.

"Kà á," ó ní. "Ìpè dókítà pẹ́. Tìẹ náà pẹ́."

Ó sì gbá a létí, ó fi okùn dè é, ó wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, kó lọ wo ohun tó ṣe.